Ṣé irọ́ ni tí mo bá wí kálímọ́ nítorí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́?

Ìbéèrè tó wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́:

"Mọ́mì Alásè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí. Mùsùlùmí ni ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti di ọdún mẹ́rin tí a ti ń bá a bọ̀. Bàbá rẹ̀ ní òun ò kórìíra mi, ṣùgbọ́n òun ò ní fi ọmọ fún kìrìsìtẹ́nì, kí n gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù kí wọ́n tó so yìgì. Pásítọ̀ mi ní òun ò fọwọ́ kan irú ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n kàn wí kálímọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gba Ìsìláàmù, lẹ́nu, kí n gba orúkọ kan, kí n mú ìyàwó mi lọ, tó bá di Sọ́ńdè kí n padà sí ṣọ́ọ̀ṣì mi. Ó ní Ọlọ́run mọ ọkàn. Ṣé irọ́ nìyẹn ni, àbí ọgbọ́n? Àti pé, ṣebí wọ́n ní àwa Yorùbá kì í bá ara wa jà nítorí ẹ̀sìn?"

*

Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn kí n lè ráyè gbọ́ ti àwọn tó kù.

Kì í ṣe pé èmi jẹ́ ẹni mímọ́ o. Alásè ni mí, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń se oúnjẹ ìnáwó n'Ìbàdàn, mo sì ti wo ojú onínàáwó rí, mo ní ẹran tó kù nínú ìkòkò ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n irọ́ ẹran, ilẹ̀ ọjọ́ náà ló ń ṣú lé e lórí. Irọ́ kálímọ́, wàá bímọ sí i, ọmọ náà á sì bímọ.

Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ò rò ni pé kì í ṣe Ọlọ́run lo fẹ́ purọ́ fún. Òun mọ ọkàn lóòótọ́. Bàbá Ìsẹ́yìn ni kò mọ ọkàn, òun lo fẹ́ purọ́ fún, òun náà ló sì máa máa wá kí yín lọ́dún Iléyá. Ṣé gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ni wàá máa sáré ká Bíbélì kúrò lórí tábìlì?

Mo mọ ẹnì kan tó dán an wò. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń jẹ́ Abdul-nǹkan nílé àna, tó ń jẹ́ orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ nílé ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún ló tú àṣírí. Wọ́n wá ṣe wòlímọ́ọ̀tù ẹ̀gbọ́n ìyàwó, bàbá àgbà gbé ọmọ lé itan, ó ní kó ka Fátíà fún òun. Ọmọ ní òun ò mọ ìyẹn, òun mọ "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run", ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á geerege. Mò ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ilé pa lọ́lọ́, ìgbakọ mi nìkan ni mò ń gbọ́. Bàbá àgbà ò bínú sọ̀rọ̀ rárá. Ó gbé ọmọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn kó tó tún wọ ilé ọkùnrin yẹn, ohun tó sì ń sọ fáwọn èèyàn kì í ṣe pé àna òun jẹ́ kìrìsìtẹ́nì. Ó ní, "Ó fi mí ṣe òmùgọ̀ lójú ọmọ-ọmọ mi."

*

Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ láti àárọ̀ tí mo ti gbé ìbéèrè yìí síta fún yín. Ìyá kan ní ìfẹ́ ò lẹ́sìn. Ọkùnrin kan fi 2 Kọ́ríńtì 6:14 ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni pé mi ò rí ti àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn ní ṣebí mùsùlùmí ni Ààrẹ Tinubu, tí Rẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ pásítọ̀ ní ìjọ Ìràpadà, kí ló wá dé tí wọ́n ń ni ọmọkùnrin yìí lára? Ọ̀dọ́ kan tó ní ilé-kéwú lòun ti jáde ní bàbá ìyàwó ò jẹ̀bi rárá.

Ọmọ ilé-kéwú yìí ló sún mọ́ òótọ́ jù. Súrà karùn-ún nínú Kùránì, ẹsẹ̀ karùn-ún, gba ọkùnrin mùsùlùmí láyè kó fẹ́ obìnrin oníwà mímọ́ láàárín àwọn tí a fún ní ìwé, ìyẹn àwọn júù àti kìrìsìtẹ́nì. Ti obìnrin mùsùlùmí ò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ọ̀nà òfin àwọn Súnnì ló panu pọ̀ pé kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ti Ààrẹ wá, ọkùnrin ni mùsùlùmí níbẹ̀ yẹn. Ká ní ìwọ àbúrò wa ni mùsùlùmí, tí ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ìjọ, àgbò lẹ bá máa rà báyìí. Nítorí náà má pe bàbá yẹn ní òǹrorò. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré ló ń tẹ̀lé, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò kórìíra rẹ.

Pásítọ̀ rẹ náà ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi da fóònù mi rú yẹn: kí onígbàgbọ́ má fi àìdọ́gba dàpọ̀ mọ́ aláìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kan náà, nínú ìwé kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí keje, ní kí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ò bá gbàgbọ́ má kọ̀ ọ́, tí obìnrin náà bá gbà láti bá a gbé. Mi ò tíì gbọ́ ìwàásù lórí ìyẹn níbi ìgbéyàwó kankan rí, bẹ́ẹ̀ mi ò ní mọ iye ìgbéyàwó tí mo ti jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń retí àmín ìkẹyìn kí ìrẹsì mi má baà jóná.

Àwọn Àgùdà ló la ọ̀nà sílẹ̀. Nínú ìwé òfin wọn ti 1983, Kánọ́nù 1086 ní irú ìgbéyàwó báyìí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù lè yọ̀ǹda. Tó bá yọ̀ǹda, ẹni tó jẹ́ Àgùdà nínú àwọn méjèèjì á ṣèlérí pé òun á sa gbogbo ipá òun kí àwọn ọmọ lè ṣe ìrìbọmi. Wọ́n á sì jẹ́ kí ẹnì kejì mọ̀ pé ìlérí báyìí wà nílẹ̀. Ẹ rí i pé wọn ò jókòó ti ọ̀rọ̀ ọkàn àti ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n tètè béèrè. Àwọn ló mọ ojú ọgbẹ́.

Ìyá tó ní ìfẹ́ ò lẹ́sìn, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ. Ìfẹ́ ò ní ìyá ọkọ pẹ̀lú, kò ní ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin, kò sì ní bùkátà. Ìgbéyàwó ló ní gbogbo wọn.

*

Ẹnì kan kọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo: "Mọ́mì, kì í ṣe ẹ̀sìn, àìlówó ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mi ò lè jiyàn. Láti ọdún tí mo ti ń dáná, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti dá ọkọ tó ní ilé alájà méjì padà nítorí pé ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí ọkọ bá lówó, "Ọlọ́run kan náà ṣá la jọ ń sìn." Tó bá jẹ́ tíṣà tí wọn ò tíì sanwó oṣù fún, a máa rántí gbogbo orí àti ẹsẹ̀ pátá. Ìdáná kan wà tí alága ìjókòó ti ń fi ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ Súrà kankan. Nígbà tí wọ́n kó àpótí ìyàwó wọlé, tí owó orí sì yọ lápò, alága yìí kan náà ló gbé orin ìjọ sẹ́nu, tí ìyá ìyàwó nínú hìjáábù ń gbè é.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká fi gbogbo rẹ̀ ṣeré. Bàbá wà tó lówó tó gbé owó tì, tó ní òun ò fẹ́. Mo ti rí méjì. Ẹni tó bá sọ pé owó nìkan ni gbogbo èèyàn ń wò, ara rẹ̀ ló ń sọ fún wa.

*

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí "àwa Yorùbá kì í jà nítorí ẹ̀sìn" tí àbúrò wa bèèrè.

Àwọn àgbà ní ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé dé. Inú ahọ́n wa gan-an ni wọ́n ti ń gbé pọ̀. Nígbà tí Àjàyí Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, tó jáde lódindi ní 1884, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu àwọn Ìmàle ni wọ́n mú wọ inú rẹ̀. Àdúrà, ọ̀dọ̀ àwọn lárúbáwá ló ti ṣẹ̀. Wàásù bẹ́ẹ̀. Àlàáfíà bẹ́ẹ̀. Àlùfáà, Ìmàle ló kọ́kọ́ ń jẹ́ ẹ. Pásítọ̀ tó bá fẹ́ wàásù pé kí ọmọ ìjọ má fẹ́ mùsùlùmí, ẹ sọ fún un kó yọ ọ̀rọ̀ Ìmàle kúrò níbẹ̀ ná, ká wo ohun tó máa kù fún un láti sọ.

Ní June 12, 1993, Abiola àti Kingibe, mùsùlùmí méjì, jọ dúró fún ìbò ààrẹ, àwọn ìyá ìjọ tò sórí ìlà nínú oòrùn, wọ́n dìbò fún wọn. Ìyá mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè ẹgbẹ́ akọrin. Òótọ́ nìyẹn.

Èyí náà òótọ́ ni: ní oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun ní kí àwọn ọmọbìnrin mùsùlùmí máa lo hìjáábù níléèwé ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kìrìsìtẹ́nì kan n'Ìwó gbé aṣọ akọrin àti sùtánà wọ̀ lọ sí kíláàsì. Ọmọ tó yẹ kó máa ṣe ìṣirò jókòó bí ẹni tó fẹ́ gbé ìgbá ọrẹ. Ti Èkó dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2022 ni wọ́n dá a, adájọ́ márùn-ún gbà pé kí wọ́n máa lo hìjáábù, méjì ò gbà. N'Ìlọrin ní 2023, àwọn mùsùlùmí kan lọ kìlọ̀ fún ìyá olórìṣà kan pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe. Nítorí náà, àbúrò, à ń jà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé a ò jà, ibi jíjẹ ẹran Iléyá lẹ máa ń wò, ẹran Iléyá ò sì tíì dán ẹnikẹ́ni wò rí. Ta ni ò fẹ́ ẹran?

Ohun tí mo rí sí i ni pé a kì í jà tó bí a ṣe lè jà, ìdí rẹ̀ ò sì ga tó bí a ṣe ń gbé e ga. Ojú ló ń tì wá. Ẹni tó o fẹ́ pè ní kèfèrí, òun ni àbúrò ìyá rẹ tó san owó ilé-ìwé rẹ. Ẹni tó o fẹ́ sọ pé yóò lọ sí ọ̀run àpáàdì, òun ló ń bá ẹ tọ́mọ. Ìlú tí irú ìdílé báyìí bá ti pọ̀, ìwàásù líle máa ń rọ̀ kó tó dé ilé. Ibi tí mo bá ti rí i tí ó le, tí n bá wádìí, mo máa ń rí i pé àjèjì ló ń bá àjèjì sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

*

Ẹni tó ní mo ń bu ẹ̀sìn kù, mo rí ọ̀rọ̀ yín. Mo kírun láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀.

*

Ẹ bi mí pé ibo gan-an ni irọ́ ti ń yọjú. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àti ọjọ́ òkú ni. Ti òkú ló le jù.

Bàbá kan kú ní Mọ́lété láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó fẹ́ fẹ́yàwó, ó ṣe ìrìbọmi nítorí obìnrin, bí àbúrò wa yìí ṣe fẹ́ ṣe, àfi pé láti Ìsìláàmù bọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni tirẹ̀. Kò sọ ibi tó dúró sí fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbààwẹ̀, gbogbo wa ní èèyàn dáadáa ni. Láago mọ́kànlá, àwọn àbúrò rẹ̀ ti kó ààfáà dé pẹ̀lú aṣọ funfun àti ọkọ́: wọ́n ní kí wọ́n sin ín kí ìrun Àlàásàrì tó tó. Àwọn ọmọ ní kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní mọ́ṣúárì ló ń lọ, kí wọ́n ṣe pósí, kí wọ́n ṣe àìsùn, kí èyí tó wà ní Amẹ́ríkà wá. Àbúrò kan pariwo pé, "Ẹ fẹ́ kó bàbá sínú firísà bí ẹja?" Ọmọ kan dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin náà fẹ́ sáré bò ó mọ́lẹ̀ bí adìẹ tó kú." Òkú wà nílẹ̀ láàárín wọn.

Kí gbogbo ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, láago mẹ́wàá, ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà ti pè mí: "Mọ́mì, ẹ bá wa rẹ ẹ̀wà." Kò sọ ẹ̀sìn tí wọ́n fẹ́ fi sin ín. Èmi náà ò bèèrè. Bàbá ọdún méjìlélọ́gọ́rin, òkú àgbà, àkàrà gbọ́dọ̀ jáde. Mo rẹ kọ́ńgò mẹ́fà, a bó o, a lọ̀ ọ́, nígbà tó di aago méjì epo ti ń hó lẹ́yìnkùlé, òórùn ti gba gbogbo ilé. Àwọn tó ń jà ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ààfáà jẹ. Díákónì jẹ. Èmi sì dúró tì agbada mi, mò ń ronú pé kò sí ẹsẹ̀ kan nínú Kùránì, kò sí ẹsẹ̀ kan nínú Bíbélì, tó ní ká din àkàrà fún òkú.

Mi ò sọ pé àkàrà ló parí ìjà o. Ẹ̀gbọ́n òkú obìnrin, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, ló parí rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sí ibikíbi, kó gbé òun mọ́ ọn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbà pé kí ààfáà sin ín nínú ọgbà ilé rẹ̀, kí ìjọ ṣe ìdúpẹ́ nígbà tó bá pé ogójì ọjọ́. Mo se ti fìdáù ọjọ́ kẹjọ, mo se ti ìdúpẹ́. Owó méjì ni mo gbà lórí òkú kan, kí Ọlọ́run má bínú sí mi.

Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń sọ fún àbúrò wa ni pé bàbá yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ nítorí àlàáfíà, ó wá fi ìjà náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ bí ogún.

*

Láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kan ní lọ́dọ̀ àwọn, rẹ́jísítírì ni, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ẹ̀sìn. Ẹ kú oríire. Ta ni wọ́n máa ń pè lóru tí ọmọ bá ní ibà? Ṣebí ìyá yín ní Ìjẹ̀bú-Òde ni. Òun á bi yín.

Ẹlòmíràn ní kí wọ́n lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Èkó tó ń lo Kùránì àti Bíbélì papọ̀, irú Ìfẹ́ Olúwa. Ìjọ náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bàbá Ìsẹ́yìn ò ní gbà, pásítọ̀ ò ní gbà, ìyẹn á wá jẹ́ pé ìjà kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ti di méjì.

*

Àbúrò, ohun tí èmi máa ṣe tí n bá jẹ́ ìwọ nìyí.

Máa lọ sí Ìsẹ́yìn fúnra mi, láìmú ọ̀rẹ́ ọlọ́gbọ́n yẹn dání. Máa dọ̀bálẹ̀, máa sọ fún bàbá pé mo lè wí kálímọ́ lẹ́nu kí n sì mú ọmọ yín lọ, wọ́n tiẹ̀ ti kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi yín ṣe òmùgọ̀. Ó lè lé ọ jáde. Tó bá lé ọ, ó lé ẹni tó mọ̀. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé lọ́jọ́ kan o gba Ìsìláàmù tọkàntọkàn, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìwọ àti Ọlọ́run ni, má ṣe pa á pọ̀ mọ́ òwò obìnrin.

Ìgbéyàwó kọ̀ọ́tù wà. Lábẹ́ òfin ìgbéyàwó wa, ẹ̀ẹ́ fi ìwé sílẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ 21, tí ẹnikẹ́ni ò bá takò ó, wọ́n á fún yín ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì ṣe é kí oṣù mẹ́ta tó pé látọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀. Wọn ò ní bi yín ní ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ìyàwó kan ni o, ẹni tó bá ṣe é tó tún lọ fẹ́ òmíràn níṣu-lọ́kà, ó ti rú òfin. Sọ èyí fún ìyá ìyàwó. Mi ò tíì rí ìyá tí inú rẹ̀ ò dùn sí i, bó ti wù kí hìjáábù rẹ̀ gùn tó.

Ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó bí i. Ẹ fún un ní orúkọ tí kò ní kọ lẹ́tà sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì: Ayọ̀délé, Àyìnkẹ́, Àkànní. A ti mọ bí a ṣe ń yí orúkọ padà tipẹ́, ṣebí bẹ́ẹ̀ náà la ṣe sọ Ifá àti Ògún inú orúkọ di Olú nígbà tí àwọn bàbá wa ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ọmọ á ti máa kéwú tàbí ka Bíbélì ni kí ẹ jókòó fún. Tí ẹ̀yin méjèèjì ò bá lè fẹnu kò lórí ìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ kan pẹ̀lú àmàlà láàárín yín, ẹ má dá mi lówó.

*

Ó ti padà wá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta:

"Mọ́mì, mo lọ. Bàbá ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ní àwọn ò ní so yìgì fún mi, àwọn ò sì ní wá sí kọ̀ọ́tù. Wọ́n wá ní kí n padà jókòó, kí n jẹun. Lánàá ni wọ́n ránṣẹ́ pé ẹbí lè wá fún ìdáná, pé ìdáná kì í ṣe ẹ̀sìn. Pásítọ̀ ò tíì dá mi lóhùn. Ṣé ẹ máa bá wa se oúnjẹ?"

Máa sè é. Màlúù yẹn, kí ààfáà ìdílé ìyàwó dú u. Tí ààfáà bá dú u, gbogbo ìjọ yín ló máa jẹ ẹ́. Tí díákónì bá pa á, ará Ìsẹ́yìn ò ní fọwọ́ kàn án, ìwọ lo sì máa ra ẹja fún ìdajì èrò. Ìkòkò ẹlẹ́dẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ bá mi dé ibẹ̀, mo mọ àwọn àbúrò bàbá ìyàwó yín, wọ́n á ṣí i wò. Ọtí, ẹ gbé e sí ẹ̀yìn kánópì tó jìnnà. Ẹ tètè fi iye èrò ránṣẹ́, nítorí ìrẹsì ò dúró de ẹnikẹ́ni.